Amẹ́ríkà Kò Tíì Ní Leicester Tiwọn

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí Leicester City ti gba ife ẹ̀yẹ Prímíà Líìgì lọ́dún 2016 ni èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Maryland níbí ti ń jiyàn. Bí mo bá ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n á ní ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, àní léraléra. Ará Amẹ́ríkà kì í tètè gbà pé ohun ńlá kan wà tí kò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nílé wọn.

Alátakò mi gan-an ni bàbá kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tí ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́. (Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Sà” ni mo ń pè wọ́n.) Bàbá yìí lè sọ ẹni tó gba ife béèsìbọ́ọ̀lù lọ́dún tí wọ́n bí mi láìwo fóònù. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni kò kàn wọ́n, àfi tí World Cup bá dé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti l'Ékòó, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, àárín iṣẹ́ gan-an. Leicester kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ilé Jamie Vardy, ọ̀kan nínú wọn, ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kóra jọ sí tí wọ́n ń wo tẹlifíṣàn. Tottenham tó ń lé wọn lórí tábìlì ló gbọ́dọ̀ na Chelsea kí ìrètí Tottenham láti gba ife má bàa pin. Kane gbá ọ̀kan wọlé, Son gbá ìkejì. Lẹ́yìn ìsinmi Cahill dá ọ̀kan padà, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú 83, Hazard fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé e sí igun òkè. Ó di 2-2, ife sì di ti Leicester. Èmi wà ní yàrá tí a ti ń jẹun, fóònù lábẹ́ tábìlì. Bí mo ṣe figbe ta, bàbá bi mí pé ta ló kú.

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ẹ rántí pé nígbà Kérésì ọdún 2014, Leicester ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tábìlì. Nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 kí sáà náà parí, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n jáwé olúborí nínú 7, wọ́n fi eyín di ẹ̀mí mú, wọ́n parí sí ipò 14. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Nigel Pearson, tí wọ́n sì mú Claudio Ranieri, ará Ítálì tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè Gíríìsì ti lé lọ lẹ́yìn tí Faroe Islands, àwọn erékùṣù kékeré kan, wá nà wọ́n nílé wọn. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní Ìlú Ọba ní ẹni tó bá fi pọ́n-ùn kan sórí Leicester pé yóò gba ife, àwọn á fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọn kò rò pé àwọn máa san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta.

Ikán mu òkúta náà. Pọ́ìǹtì 81, ìyẹn 10 ju ti Arsenal tó ṣe ìkejì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, wọ́n pàdánù 3 péré. Ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú jù ni pé Arsenal ló nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta yẹn: 5-2 nílé Leicester, lẹ́yìn náà 2-1 ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Welbeck fi orí kan ti ìkẹyìn wọlé nígbà tí àsìkò ti tán pátápátá. Ọjọ́ Valentine ni. Àbúrò mi kan n'Íbàdàn tó jẹ́ ọmọ Arsenal pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ife ti délé.” N kò tíì jẹ́ kó gbàgbé.

Bàbá gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé ó tó Lake Placid?

Ẹni tí kò bá gbé ní Amẹ́ríkà lè máà mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe sí wọn. Oṣù kejì ọdún 1980, ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní ìlú kékeré kan ní New York. Ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti Soviet ti gba àmì ẹ̀yẹ góòlù (wúrà) lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, láti 1964 dé 1976. Ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn ará Soviet yìí kan náà ti fi 10-3 lù wọ́n ní Madison Square Garden. Àmọ́ lọ́jọ́ 22 oṣù náà, Amẹ́ríkà na Soviet 4-3, Mike Eruzione tó jẹ́ balógun ikọ̀ ló gbá èyí tó ṣe ìkẹyìn wọlé. Ẹ fi kún un pé Ogun Tútù (Cold War) ń lọ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì nígbà náà, Soviet ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ ogun wọ Afghanistan ni. Bàbá ní àwọn rí àgbàlagbà ọkùnrin tó ń sunkún ní òpópónà.

Mo gbà pé kò sẹ́ni tó sunkún nítorí òṣèlú àgbáyé nígbà tí Leicester borí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti bá wọn fà á. Alẹ́ kan ṣoṣo ni. Lótìítọ́, wọ́n ṣì ní láti na Finland lẹ́yìn ọjọ́ méjì kí àmì ẹ̀yẹ góòlù tó di tiwọn, wọ́n sì nà án 4-2. Síbẹ̀, alẹ́ kan ni ẹni ńlá fi ṣubú. Bí Leicester bá na Manchester City 3-1 nílé City nínú oṣù kejì, bí wọ́n ti ṣe é lóòótọ́, tí wọ́n sì wá pàdánù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ta ni ì bá rántí? Láti oṣù kẹjọ dé oṣù karùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ìpele àṣekágbá tí èèyàn lè fi oríire kan ṣoṣo gbà.

Ẹ wo ti ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí. UMBC, yunifásítì kan lẹ́bàá Baltimore tí àwọn èèyàn mọ̀ fún ayò chess ju eré ìdárayá lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n pàdé Virginia nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n àwọn yunifásítì. Virginia ni wọ́n tò sí ipò kìíní, UMBC wà ní ipò 16. Ìgbà 135 ni ẹni ipò 16 ti bá ẹni kìíní pàdé ṣáájú ìgbà náà nínú ìdíje àwọn ọkùnrin, ẹni kìíní ló sì borí ní gbogbo ìgbà 135 náà. 21-21 ni wọ́n fi lọ sinmi. Ohun tó tẹ̀ lé e kọjá òye: 74-54. Ọmọ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó wà níléèwé náà sọ pé àwọn kò sùn di àfẹ̀mọ́jú. Lọ́jọ́ Àìkú, Kansas State ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Virginia ló gba ife.

Irú èyí ni Amẹ́ríkà ní lọ́pọ̀ yanturu. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, Giants na Patriots tí kò tíì pàdánù rárá ní sáà ọdún 2007, 17-14. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, Buster Douglas na Mike Tyson bolẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1990, àwọn onítẹ́tẹ́ sì ní 42 sí ẹyọ kan ni. 42! Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ẹ 5000.

Bàbá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dè lọ́nà kan. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú Rams, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan. Èmi fúnra mi mọ̀ pé èyí le. Lọ́dún 1998, Rams ti St. Louis borí 4, wọ́n pàdánù 12. Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa darí eré fún wọn fara pa. Wọ́n ní kí Kurt Warner bọ́ sójú pápá. Ta ni Kurt Warner? Ẹni tí Green Bay ti ní kó máa lọ lọ́dún 1994, tó wá ń to ọjà sórí pẹpẹ lóru ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Iowa. Ẹni yìí ló gbé wọn dé Super Bowl, àṣekágbá ìdíje náà, wọ́n sì na Titans 23-16. Bàbá ní ṣé kì í ṣe Vardy nìyẹn?

Vardy ni lóòótọ́. Òun náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Sheffield, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Stocksbridge Park Steels, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba gan-an kò gbọ́ rí. Nínú sáà yẹn ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 tẹ̀léra nínú líìgì, tó fi ba àkọsílẹ̀ Van Nistelrooy jẹ́. Ẹ fi Mahrez tí wọ́n rà ní owó tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti Le Havre kún un, àti Kanté tó dà bíi pé méjì ni ní àárín pápá.

Ṣùgbọ́n mo ní: sà, ẹ sọ bí Rams ṣe rí àwọn tó ràn Warner lọ́wọ́ fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ibi tí mo ń lọ. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Bí Rams ṣe tètè rí Torry Holt mú lọ́dún 1999 nìyẹn, lẹ́yìn sáà tí wọ́n pàdánù 12. Gbèdéke tún wà lórí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré, olówó kan kò lè ra gbogbo ọjà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ẹni ìsàlẹ̀ lè gòkè ni. Mets pàápàá, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù New York, tó pàdánù 120 lọ́dún 1962 tó sì gba ife lọ́dún 1969 tí onítẹ́tẹ́ ní 100 sí ẹyọ kan, inú fìlà ni wọ́n ti fa orúkọ wọn yọ kí wọ́n tó rí Tom Seaver, ajùbọ́ọ̀lù wọn tó lókìkí, mú! Nínú gbogbo ìtàn bàbá, Mets ló sún mọ́ Leicester jù lójú mi.

Ní Íńgíláǹdì, ta ni yóò fún ẹ ní nǹkan? Owó ni owó. Kí n má purọ́, Vichai tó ni Leicester nígbà náà kì í ṣe aláìní, bílíọ́nìà ará Thailand ni kó tó kú lọ́dún 2018. Oríire náà sì wà níbẹ̀: Chelsea tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú ṣubú dé ipò 10, wọ́n lé Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Leicester nà wọ́n. Leicester kò sì ní ìdíje Yúróòpù tó máa rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ kékeré ló wà ní líìgì kan náà tí Chelsea ń ṣubú.

Ọjọ́ kan tí àríyànjiyàn yìí le, mo fi ti wa kún un. Mo ní ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ní ìyanu nílé tí ẹ kò mọ̀: ọdún 1996, nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì, ní Athens, Georgia, lórí pápá yunifásítì yín, Brazil ń na Nàìjíríà 3-1, ìṣẹ́jú bíi méjìlá ló kù, Kanu àti Ikpeba sì yí i padà sí 4-3. Bàbá kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n wò ó lórí YouTube ní ìsinmi ọ̀sán, wọ́n sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. N kò sọ pé Leicester nìyẹn o, Okocha kì í ṣe Danny Simpson, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Leicester.

Ohun tó wá yí bàbá lọ́kàn kì í ṣe ife rárá. Lọ́dún 2023, mo ní Leicester ti já sí líìgì kejì. Wọ́n ní kí ni “já” túmọ̀ sí, ṣé wọ́n jẹ gbèsè ni? Mo ní rárá, wọn kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ni. Wọ́n ní àwọn wo ni wọ́n wá fún wọn láti mú nínú àwọn ọmọ tuntun? Mo ní kò sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan, wọ́n lé wọn jáde, owó tẹlifíṣàn lọ, wọ́n sì ta àwọn eléré wọn. Mo ní bí Cleveland Browns tó pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 lọ́dún 2017 bá jẹ́ ará Íńgíláǹdì, wọn kì bá rí ẹni kìíní mú bí wọ́n ti mú Baker Mayfield, wọn ì bá máa lọ sí abúlé lọ gbá bọ́ọ̀lù ni.

Bàbá dákẹ́, wọ́n ń ronú. Ọmọ ẹ̀yìn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Washington ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n ní bí òfin yẹn bá wà níbí, Washington ì bá ti máa bá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ṣeré tipẹ́tipẹ́, àwọn ì bá sì ti rí owó tíkẹ́ẹ̀tì fi pamọ́.