Ìkòkò Dáda, Ṣájà àti Ìyá Ìyàwó Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá fún àwọn ọmọ yín ní mọ́tò onírìmóòtù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ṣájà rẹ̀ dà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ṣeun. Àbúrò mi tó wà ní ìlú ọba ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì wa ní Táńkẹ̀, ní Ìlọrin. Ẹni tó bá wa gbé e wálé ní ẹrù òun ti wúwo jù, ló bá yọ ṣájà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi bátìrì sínú báàgì ọwọ́ bí òfin ọkọ̀ òfurufú ṣe wí, ó sì gbé mọ́tò lé mi lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Táyé àti Kẹ́hìndé fi sáré yí ọgbà ká títí bátìrì fi kú, ìyẹn ò sì pẹ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí mi káàbọ̀ mọ́. "Bàbá, ṣájà ńkọ́?" ni wọ́n fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ọlọ́kadà tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa ní kí n gbé e wá, òun á fi ṣájà bátìrì máṣíìnì òun fún un níná. Ìyá tó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé ní ti fóònù náà á ṣe é, ó ní ṣájà kan ò ju ṣájà kan lọ. Ó jù ú lọ o! Sẹ́ẹ̀lì lithium mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀léra nínú bátìrì yìí. Fóòtì 3.7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 11.1. Bí wọ́n bá kún, ẹyọ kan nínú wọn ò gbọdọ̀ kọjá 4.2, bí wọ́n bá sì ń tán lọ, kò yẹ kí ìkankan wálẹ̀ ju 3 lọ. Ti fóònù, fóòtì 5 ló ń gbé jáde, kò tilẹ̀ lè dé ibẹ̀. Ti máṣíìnì, àpapọ̀ nìkan ló ń wò, bíi kí èèyàn máa bu ògì sí ife mẹ́ta láìwo ojú ife: ọ̀kan á ti kún dà sílẹ̀ nígbà tí èkejì ò tíì dé ìdajì. Ògì tó bá dà sílẹ̀, a ó nù ún. Sẹ́ẹ̀lì lithium tó bá kún kọjá ààlà, wíwú ló máa wú, ó sì lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì náà, yàtọ̀ sí wáyà ńlá méjì tó ń fún mọ́tò níná. Ibẹ̀ ni ṣájà oníbálánsì ti ń yọjú sí sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dá èyí tó yá jù dúró de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló ń di àpò ilé mú. Mo fi ògì yìí ṣàlàyé fún un, ó yé e, ó ka ₦25,000 lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ bá mi fi ra wàrà bọ̀."

Èyí tó bá ṣẹ́kù!

Ní Challenge, láàárín àwọn oníṣòwò fóònù àti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo rí ọmọkùnrin kan tó ní oríṣi ṣájà oníbálánsì mẹ́ta. B3 ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ó kéré, owó rẹ̀ ò pọ̀, ẹnu ògiri ló ń gbà jẹun tààrà, gílóòbù kéékèèké mẹ́ta wà lára rẹ̀ tó ń pọ́n, tí wọ́n á sì di àwọ̀ ewé bí sẹ́ẹ̀lì bá kún. Kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Ọmọlúàbí ni, àmọ́ ọ̀lẹ ni. Áńpíà 0.8 péré ló ń rọ sínú sẹ́ẹ̀lì, bátìrì tiwa sì jẹ́ 2200 mAh, ìyẹn ni áńpíà 2.2 fún wákàtí kan, nítorí náà yóò lò tó wákàtí mẹ́ta kí ó tó kún. Wákàtí mẹ́ta iná tí kò já! Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa kì í fi irú ẹ̀ ṣètò ayé rẹ̀.

Ó tún gbé B6 oníná ògiri jáde, èyí tí wọ́n ń kọ AC mọ́ lára. Mo bi í ní iye rẹ̀, ó sọ ọ́, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èyí tó kù ni B6 lásán. Ó ní ojú kékeré tó ń tan iná búlúù, ó ní bọ́tìnnì mẹ́rin, ó lè gbé tó áńpíà 5, wáàtì 50 sì ni agbára rẹ̀. Bátìrì lithium láti sẹ́ẹ̀lì kan dé mẹ́fà, ti NiMH, ti NiCd, títí dé bátìrì olómi ásíìdì, gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ilé-iṣẹ́ SkyRC ló ni ojúlówó rẹ̀, àwọn tó sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì. Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ purọ́ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe oríjìnà o, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́." Mo fẹ́ràn ẹni tó ń sọ òótọ́ lọ́jà, pàápàá bí òótọ́ náà bá dín owó kù. Ẹni tó bá ra àdàkọ bíi tèmi, kó wá mítà, kó fi wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́ tó bá kún. Bó bá ti kọjá 4.2, kó gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà ń pariwo pé wáàtì 50 ti kéré jù, kí n wá 80. Mi ò dá a lóhùn. Áńpíà 2.2 ni mo fẹ́ fi kún bátìrì tí òpin rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12.6: ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, kò pé wáàtì 28.

Ìdí tí owó B6 fi bá àpò mi mu ni pé kò ní ẹnu tó lè fi jẹ iná ògiri. Fóòtì 11 sí 18 ló ń jẹ, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò tàbí ti sólà. Fún ẹni tó ní mọ́tò, oore ni èyí jẹ́ ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Àmọ́ mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni èyí tó wà nínú páálí, tó ń retí ṣájà.

Mo bá yà sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, mo ra àpótí irin tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ti kú. Wáyà yẹ́lò rẹ̀ ń gbé fóòtì 12 wá, dúdú ni ibi tí iná ń gbà padà. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ ó so ó mọ́ dúdú kan kí àpótí náà tó lè jí. Owó lọ. Ẹnu bátìrì tiwa tún jẹ́ XT60, okùn tó bá B6 wá ò bá a mu, onírédíò tó wà ní ìgun wa ló jó lẹ́ẹ̀dì sí i. Owó tún lọ. Ó wá ku àpò tí iná kì í jó, èyí tí wọ́n ń fi bátìrì sí bó bá wà lórí ṣájà. Iye tí wọ́n pè é, ó yẹ kí bátìrì àti ṣájà bá a wá.

Ìlọrin kọ́ ni èèyàn ti ń wá ohun tí iná kì í jó tì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹbu ìkòkò ní Dáda, ní Òkèlele. Ìkòkò tó ti inú iná jáde, iná wo ló kù tó máa dẹ́rù bà á? Ìyá tó ń tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi sè. Mo ní bátìrì ni. Ó wò mí, ó wo ìkòkò, ó ní, "Ẹ yáa mú èyí tó fẹnu dáadáa." Mo bu iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀ dé ìdajì. Kò sí wàrà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá ìyàwó mi ti Ọ̀fà dé, ó ní òun wá wo àwọn ọmọ-ọmọ òun. A kí i káàbọ̀, ó jẹun, ó gbàdúrà fún wa, ó sùn. Kò sí ẹni tó rántí sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò fún un. Ta ni í ti orí ọ̀rọ̀ ìkòkò bẹ̀rẹ̀ àlejò ṣíṣe?

Ọ̀gànjọ́ ni iná dé. Mo to gbogbo ẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, jìnnà sí kọ́tìnnì: àpótí irin, B6 lórí àpótí ìtìsẹ̀, bátìrì nínú iyanrìn. Mo yan lithium, sẹ́ẹ̀lì 3, áńpíà 2.2, bálánsì, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí tó fi dáhùn. Mo wá fà àga, mo jókòó tì í, nítorí a kì í fi bátìrì lithium sílẹ̀ lórí ṣájà kí a lọ sùn. Ẹ̀fọn ń jẹ mí, mo ń wo nọ́ńbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo dìde.

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá jí láti kírun òru.

Ẹ bá mi fi ojú Ìyá wò ó. Àpótí irin kan ń kùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wáyà pupa, yẹ́lò, dúdú àti àwọ̀ ewé tú síta láti inú rẹ̀. Nǹkan kan ń tan iná búlúù nínú òkùnkùn, nọ́ńbà ń yí lójú rẹ̀. Láti ara nǹkan náà, wáyà wọnú ìkòkò amọ̀ tuntun, tí wọ́n bu iyanrìn sí. Ní ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Lóru.

Ẹlòmíràn ìbá sá. Àmọ́ Ọ̀fà ni Ìyá, ìjàkadì lorò wọn. Láti ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gbọ́ "Lá iláha illallah!" Ó ti di gbogbo wáyà ẹnu ìkòkò mú, ó sì fà wọ́n já lẹ́ẹ̀kan náà. B6 kì í dákẹ́ bí èèyàn bá já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ CONNECTION BREAK sójú, ó sì figbe ta: pí! pí! pí! pí! Ohun tí Ìyá rí ni pé ó ń fèsì. Ó gbé ike àlùwàlá, ó da omi inú rẹ̀ sínú ìkòkò pátápátá, ó ń ka Ayatul Kursiyyu lọ.

Mo sáré wọlé, mo fa iná yọ lógiri. Ìyá Ìbejì ti jáde, àwọn ìbejì náà ti dìde.

"Bàbá Ìbejì," Ìyá ń mí gúlegúle, "kí ni ẹ ń bọ?"

"Màámi, bátìrì ni."

"Nínú ìkòkò?"

"Kó má baà jó ilé ni, mà."

"Ẹ gbọ́! Ó mọ̀ pé ó lè jó ilé!"

Ìyàwó mi ní kí òun gbà mí sílẹ̀. "Màámi, ẹ fara balẹ̀. Ògì ni. Ẹ ṣáà rò ó pé ife ògì mẹ́ta—"

"Ó tún ń gba ògì?"

Mi ò bá wọn dá sí i mọ́. Mo fi igi gbé bátìrì náà kúrò nínú ẹrẹ̀, mo gbé e sórí kọnkéré ní gbangba ìta, mo jókòó síwájú rẹ̀ mo ń wò ó bóyá yóò wú. Bátìrì tó bá wú, ẹ má fún un níná mọ́ láéláé. Kò wú. Èmi nìkan ni ojú mi wú nígbà tí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Wọ́n kírun àsùbá tán, Ìyá mú Àáfà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa wọlé. Jalàbíyà funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú le koko. Àwọn ará ilé kejì ti fara pamọ́ sẹ́nu fèrèsé. Ìyá nawọ́ sí ìkòkò. Àáfà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó wo àpótí irin, ó gbé B6, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Gbogbo wa dákẹ́.

"Sẹ́ẹ̀lì mélòó ni?"

"Mẹ́ta, Àáfà."

"Bálánsì lẹ ń ṣe é, àbí ẹ kàn ń rọ iná sí i?"

Àṣé òun ló ń tọ́jú sólà mọ́ṣáláṣí. A gbàgbé Ìyá síbẹ̀. Ó bi mí ní iye áńpíà, ó bi mí ní ibi tí mo ti rà á, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fún bátìrì fóòtì 12 tó ń gbé gbohùngbohùn níná. Mo ní ó lè ṣe é, pé Pb, ìyẹn ti bátìrì olómi ásíìdì, ni yóò yàn, sẹ́ẹ̀lì 6. Ó mi orí, ó yíjú sí Ìyá. "Ìyá, oògùn kọ́. Ilé ni ọkọ ọmọ yín ń ṣọ́."

Ìyá ò wo ojú mi. "Ẹ̀rù ló bà yín lásán ni, ẹ̀yin náà, ẹ rọra," ni Àáfà ń sọ, "nǹkan ayé òde òní, kò yẹ kí mùmíní máa fò sókè fún un."

Mo nu bátìrì náà gbẹ, mo fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: 4.16, 4.17, 4.16. Kí Ìyá lè rí ohun tí a ń bá yí gan-an, mo fi í sínú mọ́tò, mo sì gbé rìmóòtù fún Táyé. Mo ní kó rọra. Táyé ò mọ ohun tó ń jẹ́ rọra. Mọ́tò náà ta kúrò lójú kan, ó fi eruku sílẹ̀, ó gba abẹ́ jalàbíyà Àáfà wọlé, ó sì ń yí níbẹ̀.

"Lá iláha illallah!" Àáfà ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Bàtà kan wà nílẹ̀, èkejì ò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà, tẹ̀sùbáà há sórí okùn aṣọ.

Ìyá di ilẹ̀kùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó nu ojú, ó gbójú sókè sórí bẹ́ǹṣì.

"Àáfà," ó ní, "sẹ́ẹ̀lì mélòó ni?"