Gain 10 lo ṣírò, 5 lo rí: ibo ni ìyókù gbà lọ?

Kó o tó tú op-amp ayára-bí-àṣá, ìyẹn chip tó ń sọ signal di ńlá, kúrò lórí bọ́ọ̀dù pé ó ti bà jẹ́, fa frequency wálẹ̀ sí 10 kHz, kó o tún gain wọ̀n, ìyẹn iye ìgbà tí output fi ju input lọ. Ohun tó o bá rí níbẹ̀ ló máa sọ ibi tó o máa wá ẹ̀bi lọ.

Tó bá ṣì jẹ́ 5 ní 10 kHz, op-amp ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tó bá ti jẹ́ ìdajì géérégé báyìí, 50 Ω ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Rẹ̀sísítọ̀ 50 Ω tó wà lẹ́nu op-amp àti 50 Ω tó wà ní ìparí wáyà ti pín fóltéèjì sí méjì. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Gain 20 ni kó o ṣe tó o bá fẹ́ 10 ní ìparí wáyà. Signal generator náà lè tan èèyàn: tó bá wà ní High-Z (ìyẹn ni pé ó gbà pé kò sí 50 Ω níwájú òun), tí 50 Ω sì wà níbi tí signal ń gbà wọlé, ìdajì iye tó kọ sójú ló ń wọlé. Probe oscilloscope ni kó o fi wọn input, má gba ojú generator gbọ́.

Tó bá pé 10 ní 10 kHz, àmọ́ tó ń já wálẹ̀ tí frequency bá ga, ṣí datasheet, ìwé àlàyé op-amp náà. Op-amp tí GBW rẹ̀ (gain-bandwidth, ìyẹn gain ní ìlọ́po frequency tó lè gbé e dé) jẹ́ 100 MHz, tó o ní kó fún ẹ ní gain 10, ti já sí 7 ní 10 MHz. Ní 20 MHz, kò ní ju 4.5 lọ. Kò sí àtúnṣe kankan tó lè yí ìyẹn pa dà. Wá èyí tí GBW rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó o to méjì tẹ̀ lé ara wọn, kí gain ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.16, ìyẹn á gbé e dé nǹkan bíi 20 MHz kó tó já sí 7.

Slew rate, ìyẹn bí output ṣe lè yára yí fóltéèjì pa dà tó, ńkọ́? Dín input kù sí ìdá mẹ́wàá. Tí gain bá pa dà, òun ni. Output tí góńgó rẹ̀ jẹ́ 2 V ní 10 MHz ń fẹ́ 2π × 10 MHz × 2 V, ìyẹn 126 V/µs. Tí op-amp ò bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ìgbì sine á di onígun mẹ́ta lójú oscilloscope.

Ibi táwọn èèyàn kì í wò ni rẹ̀sísítọ̀ feedback, àwọn tó ń dá output pa dà sí input, tí wọ́n sì ń pinnu gain. 9.09 kΩ àti 1 kΩ dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n capacitance 1 pF péré tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 9.09 kΩ á gé gain láti nǹkan bíi 17.5 MHz, breadboard sì ní ju 1 pF lọ láàárín ìlà ihò méjì. Fi 909 Ω àti 100 Ω rọ́pò wọn, ibi tó ti ń gé e á sún dé 175 MHz. Tó bá jẹ́ irú op-amp tí wọ́n ń pè ní current-feedback ni, má ṣe bó ṣe wù ẹ́ o: iye Rf (rẹ̀sísítọ̀ tó wá láti output) tí datasheet kọ ni kó o lò, torí òun ló ń pinnu bandwidth, ìyẹn ibi tí frequency lè ga dé kí gain tó já.

Probe ×1 kì í sábà kọjá 10 MHz, ó sì lè gbé nǹkan bíi 100 pF lé op-amp lórí. ×10 ni kó o lò, kí wáyà ground rẹ̀ kúrú, kó o sì pa bandwidth limit 20 MHz tó wà lórí oscilloscope.