Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ewé ẹ̀gẹ́: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọjọ́ Ajé. Mo ti pín aṣọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tó ń lọ nínú ewé ẹ̀gẹ́ nígbà tí bakitéríà Xanthomonas bá wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kọ sí i. Àrùn yìí ló ń mú kí ojú ewé dà bí ibi tí omi rin, tí orí igi ẹ̀gẹ́ á sì máa gbẹ wálẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, sì ti mú irú ẹ̀gẹ́ tó lè fara dà á jáde. Jíìnì ni ìlànà iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ewé ń tẹ̀ lé. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á funfun, èyí tó dákẹ́ á mu aró. Ẹ̀kọ láfún ni màá fi dá funfun náà sí.

Ọjọ́rú. Apá òkè ti tán. Ibẹ̀ ni ewé ti fura. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ìrù bakitéríà mọ̀. FLS2 ni wọ́n ń pe ti ewéko Arabidopsis. Tó bá ti kàn án, kó tó pé wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún jíìnì á ti yí iṣẹ́ padà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jí: àwọn tó ń bá ewé fi oòrùn ṣe oúnjẹ máa ń relẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí náà mo fi àyè aró púpọ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì. Àárín ló le jù. Bakitéríà náà ń ti purotéènì kan, TAL20, bọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ó ń lọ bá DNA, okùn tí àwọn jíìnì wà lára rẹ̀, ó ń jókòó sí ìdí jíìnì MeSWEET10a, ó sì ń jí i. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni kó jẹ́ kí ṣúgà jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Níta yẹn gan-an, ní àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, sì ni bakitéríà ń gbé. Olè ló gba kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́ onílé.

Mo bi ìyá tó ń kọ́ mi ní àdìrẹ, mo ní, “Ìyá, jíìnì tí ewé jí àti èyí tí bakitéríà jí, funfun ni méjèèjì. Báwo la ó ṣe mọ èyí tí ewé fọwọ́ ara rẹ̀ jí?”

Wọ́n ní, “Jẹ́ kí ọwọ́ yàtọ̀. Fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ti ewé, bí a ṣe ń ṣe é n'Ìbàdàn. Ti àlejò yẹn, gbẹ́ páànù fún un, bíi ti àwọn ará Abẹ́òkúta.”

Ó bá a mu rẹ́gí! Mo ti gbẹ́ páànù náà.

Ó ku apá ìsàlẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ fi àmì kẹ́míkà bo ibi tí TAL20 ń jókòó sí, láì yí lẹ́tà DNA padà, àrùn sì dín kù lára ewé náà. TAL20 kò lè jí jíìnì náà bó ṣe ń jí i tẹ́lẹ̀, torí náà etí jíìnì yẹn nìkan ni màá fi ẹ̀kọ yí ká. Inú rẹ̀ á mu aró. Tí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, ó di inú ìkòkò ẹ̀lú.