Nígbà tí wọ́n dá owó lé ohun tí a mọ̀

Ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Yábàá, nítòsí òpópónà Herbert Macaulay, ni ọ̀rọ̀ fífi owó ra ìmọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti yé mi. Sọ́fítíwíà ìsanwó ni à ń kọ níbẹ̀, àwa tí à ń kọ ọ́ kò sì ju mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n mọ bí kóòdù tí ó ń fi àkọsílẹ̀ wa wé ti báńkì lálaalẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ ní aago méjì òru, àwọn ni a máa ń pè, ì báà jẹ́ pé ibi òkú ṣíṣe ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà.

Ẹ̀rù èyí ni ó ba ọ̀gá wa tí wọ́n fi kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ojú ewé kan sínú ìwé ìtọ́nà ilé-iṣẹ́ yóò gba ₦5,000. Kí oṣù náà tó parí, ìwé ti kún. Ẹnìkan kọ bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi ọ́fíìsì. Ẹlòmíràn gé ọ̀rọ̀ ojú ewé kan sí mẹ́rin, ó sì gba ₦20,000. (Èmi náà kọ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n kò ní purọ́.) Nípa kóòdù báńkì, kò sí ẹni tí ó kọ ìlà kan ṣoṣo.

Mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹ àmàlà. Wọ́n ní, “Àbúrò, ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta jìyà kọ́, ₦5,000 ni ẹ fẹ́ fi rà á?” Ẹnu yà mí, nítorí pé kí ìkéde yẹn tó wáyé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣàlàyé fún mi títí a ó fi rìn dé ibùdókọ̀. Ohun tí wọ́n ti ń fi ta mí lọ́rẹ ti di ọjà, iye tí a dá lé e kò sì jọ wọ́n lójú.

Àwọn onímọ̀ ìṣesí ènìyàn ti rí irú èyí tipẹ́. Ní 1971, Edward Deci tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ó ti sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ṣe eré àtòpọ̀ tí ó gba ìrònú; nígbà tí owó dáwọ́ dúró, ìfẹ́ wọn sí eré náà dín kù. Ní 2005, Bock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Gúúsù Kòríà, wọ́n sì rí i pé ríretí ẹ̀bùn kò mú kí pínpín ìmọ̀ wu ènìyàn. Ńṣe ni ó ń pa á lára.

Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni ajẹmọ́nú ìparí ọdún, nítorí pé ńṣe ni wọ́n máa ń tò wá láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn. Bí mo bá kọ́ ọ tí o sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ta ni yóò gba owó mi? Ẹni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rí mọ ọ̀gá tí í rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra òwú nígbà tí ó bá kan aṣọ gígé. Microsoft náà lo irú ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2013.

N kò sọ pé kí a má sanwó o. Ní Èkó yìí, “ẹ ṣé” kò lè san owó ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa fagi lé ₦5,000 náà, tí wọ́n ń ka wákàtí tí ènìyàn fi kọ́ ẹlòmíràn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ajẹmọ́nú sì di ti gbogbo wa lápapọ̀, ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti tábìlì dé tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n ti wà ní Kánádà báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìrìnàjò wọn, wọ́n pè mí jókòó ti kóòdù báńkì náà, wọ́n ń sọ, mo ń kọ, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú ewé mọ́kànlá ni ó jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè owó rẹ̀.