Ayò Ọlọ́pọ́n fún ZX Spectrum: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, géèmù ayò tí mo ń ṣe fún kọ̀ǹpútà ZX Spectrum ta ọpọ́n kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdákú. Mo rí i pé ó tó àkókò láti kọ ibi tí iṣẹ́ dé sílẹ̀, pàápàá nípa lẹ́tà Yorùbá tí ó gba àkókò mi jù lọ, àti nípa kásẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi gbé géèmù náà jáde láti Ìkòròdú níbí.

Ilé iṣẹ́ Sinclair ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé ZX Spectrum jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1982. Irú tèmi ní ìrántí 48K (báìtì 49,152), àwòrán ojú amóhùnmáwòrán tí à ń so ó mọ́ nìkan sì ti ń jẹ báìtì 6,912 nínú rẹ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì bíi ti olórin ni géèmù rẹ̀ máa ń wà. Láyé ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọ géèmù nínú yàrá wọn, wọn a dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àṣà náà kò parun, nítorí pé ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, àwọn olùtẹ̀jáde kéékèèké bíi Cronosoft àti Psytronik ti gbé géèmù tuntun jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì gidi fún àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó bá mi mú tèmi bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé iná fóòtì 9 ni ó ń lò, àti pé àárín ẹnu ṣájà rẹ̀ ni nẹ́gétíìfù wà, èyí tí ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ṣájà tí wọ́n ń tà ní ọjà Sábó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà wò ó kí ẹ tó tàn án.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí géèmù Yorùbá jáde láìní àmì ohùn, ì báà jẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lójú Spectrum, àpótí kékeré tí ó fẹ̀ ní píksẹ́lì (ẹyọ tóótó inú àwòrán) 8, tí ó sì ga ní píksẹ́lì 8, ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbé. Àwọn tí ó ṣe é fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya lẹ́tà tirẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà 21 péré ni àyè náà gbà. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa jẹ́ méje. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, ó di 14. Ẹ fi ẹ àti ọ tí kò ní àmì lórí kún un, ẹ fi ṣ kún un, ẹ fi ń àti ǹ kún un, ó di 19, bẹ́ẹ̀ a kò tíì kan lẹ́tà ńlá. Bí Ẹ, Ọ àti Ṣ ńlá bá dé, àyè ti tán. Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mo ya gbogbo lẹ́tà 96 tí ẹ̀rọ náà ní tuntun, báìtì 768 ni gbogbo rẹ̀, mo sì yí nọ́ńbà tí ó wà ní ojúlé ìrántí 23606 àti 23607 padà kí ẹ̀rọ lè máa lọ wo tèmi dípò tirẹ̀. Yorùbá kò lo c, q, v, x àti z. Àyè wọn, ti kékeré àti ti ńlá, ni mo fún àwọn lẹ́tà tiwa tí kò rí ibi gbé.

Yíyà wọn gan-an ni iṣẹ́. Lẹ́tà kékeré tí Spectrum bá wá sáyé fi ìlà méjì òkè sílẹ̀ lófo, ara lẹ́tà gba ìlà márùn-ún, ìlà kan ṣoṣo ni ó sì kù nísàlẹ̀. Bí mo bá fi àmì sínú ìlà kan yẹn, yóò lẹ̀ mọ́ ara lẹ́tà ni. Mo wá ṣí àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ tí ó wà nílé bàbá mi, mo sì rí i pé ọ̀pá kúkúrú tí ó so mọ́ ìdí lẹ́tà ni àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà ń fi sábẹ́ ẹ àti ọ, kò sì sí òǹkàwé tí ó ṣì í kà. Ọ̀pá náà ni mo fi sí tèmi. Ní ti òkè, ìlà méjì péré ni àmì ohùn rí gbà, àwòrán amóhùnmáwòrán àtijọ́ sì máa ń rí bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kò ní mọ ibi tí àmì dagun sí. Nítorí náà mo sún àmì òkè sí èjìká ọ̀tún lẹ́tà, mo sún àmì ìsàlẹ̀ sí èjìká òsì, kí ojú lè mọ̀ wọ́n nípa ibi tí wọ́n wà kódà bí ìdagun wọn kò bá hàn. Bàbá kan ládùúgbò wa tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà bá mi ka gbogbo gbólóhùn inú géèmù sókè láti orí àga tí ó jìnnà sí amóhùnmáwòrán. Ṣ nìkan ni ó dá a dúró díẹ̀, mo sì ti sọ ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ di píksẹ́lì méjì ní fífẹ̀.

Àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Àpótí kọ̀ọ̀kan kò lè gbà ju àwọ̀ méjì lọ, Spectrum kò sì ní àwọ̀ igi, nítorí náà pupa rúsúrúsú tí à ń wá kò sí. Yẹ́lò tí kò tàn ni mo fi ṣe ọpọ́n, mo fi dúdú ṣe ọmọ ayò.

Ìrònú ẹ̀rọ ni ó tẹ̀lé e. Ilé 12 àti ọmọ 48 kò gba àyè kankan nínú ìrántí. Wíwo iwájú ni ó ń gba agbára. Ẹni tí ó bá kàn lè ní ilé mẹ́fà láti yàn nínú wọn, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ro ìgbésẹ̀ mẹ́rin síwájú, ipò tí yóò yẹ̀ wò lè tó 1,296. Bí ó bá di mẹ́fà, ó lè tó 46,656. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ yẹ gbogbo ipò 889,063,398,406 tí ó wà nínú awari wò, eré tí òfin rẹ̀ sún mọ́ ti ayò wa, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìta, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò sí nínú Z80, ọpọlọ Spectrum. Èdè assembly, tí ó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ni mo fi kọ apá yìí, mo sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ọ̀nà tì ní kété tí ó bá ti hàn pé kò lè dára ju èyí tí ó ti rí lọ. Ìpele méjì ni mo ṣe: Ọ̀pẹ ń wo ìgbésẹ̀ méjì, Ọ̀ta ń wo mẹ́rin, ó sì ń fi kún un bí ọmọ bá ti dín kù lójú ọpọ́n. Òfin tí àwọn àgbà àdúgbò wa ń lò ni mo tẹ̀lé: bí ọmọ ìkẹyìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, jíjẹ ni, bí odù bá yí po, yóò fo ilé tí ó ti gbéra, bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá ṣófo, dandan ni kí o fún un ní ọmọ tí yóò fi ta.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rọ ń pín ọmọ wìrìwìrì, ó sì ti jẹ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Alàgbà kan nínú wọn ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí a rí ọwọ́ rẹ̀.” Òótọ́ ni, nítorí pé ọwọ́ ni à ń wò nídìí ọpọ́n. Ní báyìí, ọmọ ń bọ́ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró kékeré kan ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìró náà sì ń yí padà nígbà tí a bá jẹ.

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì. Òfìfo ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ti orin àtijọ́ ni mo ń rà ní Sábó, mo ń fi sẹ́lótéèpù bo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ kí rédíò lè gbà á sílẹ̀. Mo ń sọ géèmù di ohùn ní WAV, n kì í lo MP3, nítorí pé MP3 máa ń gé lára ohùn tí Spectrum ní láti gbọ́. Mo ń pa Dolby, ohun tí ń dín ariwo kásẹ́ẹ̀tì kù, lẹ́yìn náà mo ń fi rédíò mìíràn tí kì í ṣe èyí tí ó gbà á sílẹ̀ dán an wò, torí pé orí rédíò kan lè dagun díẹ̀ ju òmíràn lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ tí ó gbà á sílẹ̀ nìkan lè kà kò tíì di ohun títà. Orúkọ tí ń hàn bí géèmù bá ń wọlé kò gbọ́dọ̀ ju àmì mẹ́wàá lọ, lẹ́tà ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fi kọ ọ́ nítorí pé tèmi kò tíì wọlé nígbà náà. AYO OLOPON pẹ́ mẹ́wàá géérégé, inú mi sì dùn sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni kò ti ní àmì.

Mo lè fi géèmù náà fún olùtẹ̀jáde òkè òkun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ mi, kí bébà inú páálí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí mo ti yẹ àmì rẹ̀ wò lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ti gba iṣẹ́ náà. Ìtọ́ni tí ó wà níwájú bébà náà nìyí: “Ẹ tẹ J, ẹ di SYMBOL SHIFT mú, ẹ tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ ENTER, kí ẹ wá tan kásẹ́ẹ̀tì.” Ní ọjọ́ tí páálí bá ti Ṣómólú dé, fáìlì TAP, ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà, yóò wà lórí ìkànnì itch.io lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò ní Spectrum, tí yóò fi Fuse, ètò tí ń ṣe bíi Spectrum, ta á lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ni yóò sanwó.