Ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ ni ètò ìlera mi wà

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo kọ ètò ìlera mi sí. Ìwé yẹn ò gbọdọ̀ sọnù, torí ọjọ́ tó bá sọnù, ìjà dé ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Àràárọ̀ ni mo ń ṣí i kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ìwòyí ní áàpù lórí fóònù tó ń bá wọn ka ìṣísẹ̀, tó sì ń dún tí wọ́n bá jókòó pẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fóònù tèmi, oníbàárà ti fi ń pariwo mọ́ mi tó, mi ò fẹ́ kí nǹkan mìíràn tún bá wọn dá sí i.

Obìnrin aránṣọ ni mí, mo ti lé lógójì ọdún, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí mọ ohun tó ń bá iṣẹ́ yìí rìn: ọrùn dídùn, ẹ̀yìn dídùn, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ tó ń wú nírọ̀lẹ́. Ti inú tún wà níbẹ̀. Kí èèyàn ti gba aṣọ ìyàwó tí wọn ó wọ̀ ní Sátidé, kó di Ọjọ́bọ̀ kí ó má tíì gé e. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣètò, mo fa ìlà sójú ìwé, mo kọ ara, mo kọ ọkàn, mo kọ ẹ̀mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀. Àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ò ráyè dúró lọ́tọ̀. Oorun, abẹ́ èwo ni ká kọ ọ́ sí? Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú aládùúgbò ńkọ́? Mo bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Mo wá so ètò náà mọ́ ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí mi ò sì lè fi sílẹ̀, ìyẹn ìrun márùn-ún. Mi ò kọ ọ́ pé aago mẹ́fà àbọ̀ ni kí n jáde. Mo kọ ọ́ pé tí mo bá kírun Àsùbáà tán, mi ò gbọdọ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Aago lè yẹ̀, pàápàá ní ìlú tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá lè gba odidi àárọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ìrun kì í yẹ̀. Onígbàgbọ́ lè so tiẹ̀ mọ́ àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, ó ṣáà ń fọ eyín, ó ṣáà ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìrun gan-an tó eré ìdárayá. Èmi ò gbà. Ìjọsìn ni ìrun. Ṣùgbọ́n ó ń gbé mi kúrò lórí àga. Àyìlá á gbé mi dìde, Àláásárì á tún gbé mi dìde, ẹ̀yìn tó ti ká kò á nà díẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà ti kọ́ ọ: tí mo bá ti ń bu omi àlùwàlá, gbogbo wọn á dìde nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Rírìn ni eré ìdárayá tèmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, irú èyí tó ń mú kí èémí yára díẹ̀. Tí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ ni. Ìbàdàn ò sì jẹ́ kó nira, orí òkè ni ìlú wa jókòó sí, kò síbi tí ẹ máa gbà nígboro tí ẹ ò ní gun nǹkan. Èmi máa ń gba ìdí Mápó, ma wá yà sí Òkè Ààrẹ, níbi tí Láyípo wà, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ níbí. Mi ò kì í gun ilé gogoro yẹn o, òkè tó gbé e dúró ti tó mi. Àmì pé èèyàn ń rìn dáadáa ni pé á lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní lè kọrin. Ìyá alákàrà kan wà lójú ọ̀nà tó ń bá mi ṣọ́ ìyẹn. Tí mo bá dá gbogbo ìkíni rẹ̀ lóhùn láìmí gúlegúle, á ní, “Ìyá aránṣọ, ẹ̀ ń ṣe yọ̀ǹbọ̀ lónìí o.”

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lójú pé irinṣẹ́ ìlera ni téèpù tó wà lọ́rùn mi yìí. Ibi tí àwa ń wọ̀n fún síkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni àwọn ń wọ̀n. Ó fọwọ́ tẹ ìhà mi títí ó fi kan egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ó tún fọwọ́ wá ṣóńṣó egungun ìbàdí, ó fi téèpù sí àárín méjèèjì, ó yí i ká láì fún un. Ó ní kí n mí jáde bó ṣe yẹ, kí n má fa ikùn wọlé. Ẹ̀yin tí mo ti bá rán aṣọ rí, ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí kì í fa ikùn wọlé níwájú téèpù! Tó bá ti ju ínǹṣì 35 lọ lára obìnrin, tàbí 40 lára ọkùnrin, ewu àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn ń pọ̀ sí i nìyẹn. Mo kọ tèmi sẹ́yìn ìwé. Iye rẹ̀ ò kàn yín.

Oúnjẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi bá yín jà tí ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ tọ́jú ara. Wọ́n á ní kí ẹ fi àmàlà sílẹ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn, kí n wá fi kí ni rọ́pò rẹ̀? Mo dín òkèlè kù ni, mo fi kún ewédú àti gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ṣáà ni gbẹ̀gìrì, ó ń ṣara lóore. Ibi tí mo ti múra sí ni iyọ̀. Kò yẹ kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, magí tí à ń bó sọ́bẹ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ wọn, iyọ̀ ló ṣáájú. Mo wá fi irú sí i, mo dín magí kù. Ọkọ mi ní ọbẹ̀ ti wá ń rùn bíi ti ìyá òun. Mo gbà á bí oríyìn.

Oorun ló le jù, torí iná ló ń pàṣẹ rẹ̀ fún aránṣọ. Iná lè má dé títí aago mọ́kànlá alẹ́, kí ó sì wá tàn báì bí ẹni pé wọ́n ń dán wa wò, gbogbo àdúgbò á pariwo, oníkálùkù á sáré gbé áyọ́ọ̀nù. Ètò mi sọ pé tí mo bá ti kírun Ìṣáì tán tí mo sì ti tilẹ̀kùn, iná tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ti fíríìjì ni. Ẹ̀rọ tí à ń fẹsẹ̀ wà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, áyọ́ọ̀nù eléèédú náà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ò ní tìtorí wákàtí mélòó kan dúró. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹni tí kò sùn tó, abẹ́rẹ́ á gún un, á tún pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ti ọkàn, lẹ́yìn Àláásárì, mo máa ń gbé àpótí síta, èmi àti ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á jọ sọ̀rọ̀. Àwọn kan lè pè é ní àìríṣẹ́ṣe. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló sọ fún mi nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, tó ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968. Dókítà àrùn ọpọlọ ni. Ní 1954, ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa tibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Kò fẹ́ kí aláìsàn dá wà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn, ojú ò tì mí mọ́ lórí àpótí mi. Àmọ́ o, ohun tó ju ọ̀rọ̀ orí àpótí lọ wà. Tí èèyàn ò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ ò wù ú, tí ayé sú u, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó.

Ti ẹ̀mí, mi ò ní sọ púpọ̀. Tẹ̀súbáà mi ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo ń lọ sí àsálátù ní ọjọ́ Àìkú. Ìyókù, èmi àti Ọlọ́run mi ni.

Ojú ewé kejì ni ètò àsìkò Iléyá, torí kò sí irọ́ níbẹ̀, ètò ti ọjọ́ lásán ò lè dúró lásìkò yẹn. Ohun mẹ́ta péré ló wà lójú ewé náà: kí oúnjẹ ọ̀sán má kọjá Àyìlá, kí oorun má dín sí wákàtí 6, kí n má gba aṣọ tuntun mọ́ láti alẹ́ tí wọ́n bá ti kéde oṣù Dhul Hijjah. Ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn ni Iléyá, ẹni tó bá gbé aṣọ wá lẹ́yìn ìkéde, wàhálà ló gbé wá fún mi. Àwọn kan ti bínú lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́.

Ó wá ku ọkọ mi. Èmi ń lọ wọn ìfúnpá mi ní kẹ́míìsì déédéé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fara hàn, ẹni tó ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa jó lóde àríyá. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ na apá lójú ẹsẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ òun ò ru, pé ara òun ni òun mọ̀. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, á ní apá aṣọ òun ò ṣeé ká sókè, wọn ò sì gbọdọ̀ wé nǹkan yẹn lé orí aṣọ. Mo ti rán bùbá tuntun fún un báyìí. Mo fi ínǹṣì mẹ́ta kún apá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yìí, lẹ́yìn àsálátù, à ń lọ.