Agbègbè Ìdìbò Èkó Lórí Pákó: Ìròyìn Kẹfà

Àwòṣe ìlú Èkó, bí ó ṣe rí nígbà ìdìbò aṣòfin ọdún 1923, ni mo ń fi pákó ṣe. Bí mo ṣe ń kọ ìròyìn yìí, gọ́ọ̀mù ṣì wà ní gbogbo èékánná mi. Afárá Carter ti dúró láàárín Ìdúmọ̀tà àti Ìddó, ọ̀sà sì ti gba ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì.

Etí omi ní Marina ni ó gba gbogbo alẹ́ àná lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn kẹrin yóò rántí pé orí máàpù òde òní ni mo ti da erékùṣù náà kọ. Ìgbà tí mo gbé fọ́tò àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí mo ti gé ni mo tó rí i pé ẹsẹ̀ títì Marina gan-an ni omi dé nígbà náà. Ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí lẹ́yìn náà, tí títì Outer Marina ń gbà kọjá báyìí, ni mo ti gé mọ́ ìlú tí wọ́n dìbò nínú rẹ̀ ní ọdún 1923. Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, mo ti so Ìkòyí mọ́ Èkó, bẹ́ẹ̀ sì ni kánààlì MacGregor ni ó là wọ́n láàárín nígbà náà.

Kánààlì rọrùn, ayùn lásán ni mo fi gbẹ́ ẹ. Bí ayùn ṣe kan Marina ni pílaiwúùdù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele-ìpele, bí ìwé tí òjò pa. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé abẹ́ òrùlé ni ó ń sùn, mo sì gbà á gbọ́. Láti ìsinsìnyí, n óò máa fi èékánná tẹ etí pákó wò kí n tó sanwó. Mo fi síríńjì ti gọ́ọ̀mù tí mo pò mọ́ omi díẹ̀ sínú ibi tí ó ṣí, mo fún un mọ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, mo sì fi sáńpépà ha á. Gbogbo rẹ̀ gbà, àfi ìwọ̀n ìka méjì nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church, tí ó tún là lójú mi, tí mo sì tún fi gọ́ọ̀mù sí, tí mo fún mọ́lẹ̀.

Ìlà mẹ́ta tí mo fà láti pín ìlú fún aṣòfin mẹ́ta kò wúlò mọ́. Èmi ni mo ṣì í rò, nítorí pé Èkó lódindi ni ó jọ ń yan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ òfin ìjọba tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922, Kàlàbá sì ń yan ẹyọ kan. Nítorí náà, Ìsàlẹ̀ Èkó, Olówógbówó àti Pópó Àgùdà yóò wà láìní ààlà, n óò sì lu ihò mẹ́ta sínú ọ̀sà fún èèkàn mẹ́ta, ọ̀kan fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 1923 yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party): Egerton-Shyngle, Eric Moore àti Adeniyi-Jones. Herbert Macaulay tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kò ní èèkàn, nítorí ẹjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi ní ọdún 1913 kò jẹ́ kí ó lè díje. N kò ní í fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn èèkàn náà, kí ti ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement lè rọ́pò wọn ní 1938, kí Azikiwe, Olorun-Nimbe àti Adedoyin sì wọlé ní 1947.

Ọ̀dà pupa tí mo rà fún òrùlé ilé gbogbo ti pọ̀ jù báyìí. Ọkùnrin tí ó ń rí £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò ní 1923, nítorí náà ilé díẹ̀ ni n óò kùn, àwọ̀ igi ni ìyókù yóò sì ní.

Ọjọ́ Sátidé ni n óò tú ohun tí mo fi fún pákó Marina mọ́lẹ̀. Bí ó bá tún là, n óò gé erékùṣù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ onípákó mìíràn.